Ẹnu Kóòṣì Ni Ìwé

"Àkọ́kọ́, òrùka mẹ́sàn-án, aago mẹ́wàá," ni Hezekiah Ọbayẹmí wí, ojú rẹ̀ ọ̀tún lẹ̀ mọ́ ẹnu awò tuntun náà. "Ìkejì, àárín gbùngbùn. Ìkẹta..." Ó fi ìka kan yí etí awò náà díẹ̀, ó tún wò. "Ìkẹta kò kan ìwé."

Mùfúlíátù tó dojú bolẹ̀ lórí ẹní níwájú rẹ̀ kò yíjú padà. Ìbọn gígùn ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Èjìká náà mì díẹ̀, ó sì dúró. Ọgọ́rùn-ún mítà ló wà láàárín ẹní rẹ̀ àti pátákó tí wọ́n lẹ ìwé àfojúsùn mọ́, ihò tí irú ọta kékeré bẹ́ẹ̀ ń lu kò sì tó ọmọńdinrín ìka ìkókó. Ojú lásán kò lè rí i láti ibi tí wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé awò ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ayìnbọn, èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní sikóòpù, kí kóòṣì lè máa wo ibi tí ọta bà, kí ó sì máa pè é bí ẹni ka aago: méjìlá lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀.

"Ọyẹ́ ni, sà," ni Adéníjì wí. Òun ló gbé awò tuntun méjì wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Wuye, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì sinmi láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Adéníjì lè ta iyọ̀ fún òkun. "Oṣù kìíní la wà yìí. Ọyẹ́ Abuja, tó bá ráyè, á fi òkè Ushafa pamọ́ fún àwọn tó ń gbé nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀. Orijínà ni méjèèjì, mo fi orí mi dúró."

Hezekiah fẹ́ kó jẹ́ ọyẹ́. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú kúrò lẹ́nu awò, tó la ojú méjèèjì, òkè náà dúró síbẹ̀ ketekete, oòrùn ti gbé eruku kúrò lára rẹ̀, ó sì lè ka àwọn àpáta tó wà lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò le rárá. Ọdún 2015 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìdíje ìyìnbọn àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ku oṣù mẹ́ta, àjọ ẹ̀ṣọ́ tó ni ẹgbẹ́ wọn sì ti gbà láti ra awò tuntun. Kí Hezekiah gbé méjèèjì tí Adéníjì mú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí àtijọ́, kí ó wò wọ́n, kí ó yan ọ̀kan, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Fẹ̀yìntọlá ní olú iléeṣẹ́ kí aago méjì tó lù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá pàápàá lè ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọn yóò rà ló wà lọ́kàn Hezekiah. Èyí àtijọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Láàárín oṣù méje ó ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ọ̀gá pé awò àtijọ́ náà ti ṣú, pé ó ń purọ́, pé kò yẹ lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n dá awò náà lẹ́bi lórí ìwé, kí ọ̀gá lu òǹtẹ̀ sí i. Nítorí bí ó bá jẹ́ pé awò ló purọ́, a jẹ́ pé awò ló pa Bámiṣayọ̀. Bí kì í bá ṣe awò, ẹnì kan ṣoṣo ló kù.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ni Hezekiah fi jẹun láyé. Ọmọ Kàbà ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ojú ló fi gba àmì ẹ̀yẹ nígbà tí òun náà ń yìnbọn, ojú ló fi di kóòṣì, ojú ló tilẹ̀ fi gba ìyàwó, torí pé àna rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ ní òun kò ní í fọmọ fún ẹni tí kò lè ta àparò nígbà tó bá ń fò. Kò wọ awò ojú rí. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bá ń na Bíbélì jìnnà sí ojú wọn láti lè kà á, á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti ń bá wọn nà án báyìí, àmọ́ ojú lílé ni ìyẹn. Àìsàn àgbà ni, kò ní í ṣe pẹ̀lú wíwo awò.

Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ náà rèé: ẹnu kóòṣì ni ìwé. Ìwé àfojúsùn wọ́n wọn. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, kì í sì í tètè dé. Nítorí náà, bí ayìnbọn kan bá ti ta ọta márùn-ún rẹ̀, tí kóòṣì ti pe ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bà, tí akọ̀wé ti kọ ọ́, wọ́n á na àsíá pupa sókè, ẹni tí iṣẹ́ kàn á sáré lọ sídìí pátákó, á fi bébà dúdú pélébé lẹ gbogbo ihò náà pa fún ẹni tó kàn. Ìwé kan lè sin èèyàn mẹ́jọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, kò sí ẹ̀rí mìíràn mọ́ láyé àfi ohun tí kóòṣì sọ. Kò sì sẹ́ni tó ń fojú sẹ́nu awò kóòṣì. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má ṣe é. Wọn kì í kàn ṣe é ni, bí ọmọ kì í ti í jókòó sórí àga bàbá rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 ni wọ́n ń yan àwọn mẹ́rin tí yóò dúró nínú ẹgbẹ́. Bámiṣayọ̀, ọmọ Ìkàrẹ́ kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, dùbúlẹ̀, ó ta márùn-ún. Hezekiah rí méjì. Ó pe méjì. Mẹ́ta tó kù, ó ní wọn kò kan ìwé. Ọmọ náà dìde lórí ẹní, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó wá bá a, ó tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí. "Ọwọ́ mi kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣé a lè rìn lọ wò ó?"

Gbogbo pápá yíjú sí wọn. Ká ní ó gbá a létí ni, ó ṣeé ṣe kí ó dùn ún mọ níwọ̀n. Ogún ọdún ni Hezekiah ti ń jókòó sídìí awò, kò sẹ́ni tó ní kí ó dìde wá wo ohun tí ó ti rí. "Ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó," ló wí, kò sì parí rẹ̀. Ta ni kò mọ ìyókù? Bámiṣayọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pé kí ó má bínú. Àsíá pupa gòkè, wọ́n lẹ ihò pa, ẹlòmíràn dùbúlẹ̀ sórí ẹní.

Ẹni tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹ̀ṣọ́ lásán ló padà dà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n gbé Bámiṣayọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Borno. Nínú oṣù kẹfà ọdún 2014, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò lójú títì, ọkọ̀ kan tí wọ́n ní kó dúró kò dúró. Inú àpótí tí wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ṣí ni wọ́n kó ohun tó kù lára rẹ̀ wá sílé. Hezekiah wọ ọkọ̀ ní Jabi lọ sí Ìkàrẹ́ fún ìsìnkú náà. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò tètè jù ú sílẹ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ òun kì í dárúkọ rẹ̀ láì fi "bàbá dáadáa" kún un. Ní ọjọ́ kẹjọ tó dé láti Ìkàrẹ́ ni Hezekiah kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ pé awò ti ṣú. Láti ìgbà náà, tó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ohun tó ń sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: Olúwa, Ìwọ mọ̀ pé ẹ̀rọ ni.

"Ẹ wá gbìyànjú ìkejì yìí wò, sà," ni Adéníjì wí. Ó ti gbé èyí àkọ́kọ́ kúrò, ó sì ti fi òmíràn, èyí tó tóbi jù, rọ́pò rẹ̀ lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. "Èyí, tí kòkòrò bá ń sunkún níbẹ̀ yẹn, ẹ máa rí omijé rẹ̀."

Hezekiah tẹ̀ ba. Ìwé àfojúsùn náà sún mọ́ ọn bí ẹni pé ó lè nawọ́ kàn án. Ihò àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, ìkejì wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kùrukùru kan wà, bí ìgbà tí èèyàn mí sí dígí. Kò ní orí, kò ní ìdí. Ibẹ̀ gan-an ló wà nínú awò àkọ́kọ́. Ibẹ̀ gan-an ló wà nínú èyí àtijọ́ láti oṣù méje tó ti ń kọ lẹ́tà.

Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo aláwò mọ̀, Hezekiah ló sì fi kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti ọdún dé ọdún. Ara awò ṣeé yí nínú ìdè irin tó dì í mú. Bí o bá rí ìdọ̀tí nínú awò, má pariwo, yí awò náà. Bí ó bá jẹ́ inú awò ni ìdọ̀tí wà, á bá awò yí. Gbogbo oṣù méje yẹn, Hezekiah kò yí awò àtijọ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ta ló ń ki ọwọ́ bọ àpò tó bá ti fura pé ejò wà nínú rẹ̀?

Ó yí i báyìí. Ó tú ìdè náà díẹ̀, ó sì rọra yí awò ńlá náà láì gbójú kúrò lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Kùrukùru náà kò yí. Ó yí i síwájú sí i, títí tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ṣeé yí mọ́. Kùrukùru náà jókòó síbi tó wà, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bí onílé.

Ó di ojú ọ̀tún. Ó fi ojú òsì sẹ́nu awò, ojú tí kò fi wo inú awò láti ogún ọdún. Ihò kẹta yọ sí i, rogodo, nínú òrùka mẹ́jọ, ní aago mẹ́rin.

"Ṣé èyí ló dáa jù, sà?" ni Adéníjì bi í.

Hezekiah gbójú kúrò lẹ́nu awò. Ó tọ́ka sí awò àtijọ́ tí ọ̀dà dúdú ti bó kúrò lára rẹ̀. "Gbé ìyẹn kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mùfúlíátù, dìde. Wá wò ó."

Mùfúlíátù gbé ìbọn sílẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, kò sì dìde. "Èmi, sà?"

"Ìwọ."

Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ kó tó wá. Nígbà tó tẹ̀ ba, kò jẹ́ kí ara rẹ̀ kan awò náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Mẹ́ta ni, sà," ló wí níkẹyìn. "Mẹ́sàn-án, aago mẹ́wàá. Àárín. Mẹ́jọ, aago mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ ló kan ìwé."

"Ṣé ó ṣú?"

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń túfọ̀. "Kò ṣú, sà. Ó mọ́."

Hezekiah na àsíá pupa sókè fúnra rẹ̀, ó sì rìn lọ sídìí pátákó. Adéníjì fẹ́ tẹ̀ lé e, Hezekiah fọwọ́ dá a padà. Koríko ti gbẹ, ó ń ró wérewère lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ó ki orí ìka bọ ihò kẹta, ìwé náà fà ya díẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Láti ibi awò dé ìdí pátákó, ìrìn náà kò gbà á tó ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tó padà dé, Adéníjì ti ń wò ó bí ọlọ́jà tó gbọ́ pé òjò ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ kírun Àílà ní mọ́ṣáláṣí ẹnu géètì, pé kí wọ́n rọra bá ara wọn sọ ọ́, pé èyíkéyìí tí kóòṣì bá yàn nínú méjèèjì, kò sí wàhálà. Wọ́n gbọ́ tó ń kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, "Sànnu, mallam," tí ìyẹn náà sì ń dá a lóhùn, "Yauwa." Ó wá ku àwọn méjèèjì lábẹ́ páànù tó ń ta gìrì nínú oòrùn.

Mùfúlíátù fa àkísà yọ, ó ń nu ẹnu ìbọn rẹ̀. Ọmọ Kàbà lòun náà. Ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n sin ìyá Hezekiah sí, ìró ìpè àdúrà ń ti mọ́ṣáláṣí wọn dé ibẹ̀. Bí èèyàn bá wà níbẹ̀, "sà" ló ń pè é. Bí kò bá sẹ́nì kankan, Bàbá ni.

"Ìwọ lo lẹ bébà lọ́jọ́ Bámiṣayọ̀," ni Hezekiah wí.

Àkísà náà dúró. "Èmi ni, Bàbá."

"Ihò mélòó lo lẹ̀?"

Ó wo ọ̀nà géètì. "Márùn-ún."

"Sọ bí wọ́n ṣe wà fún mi."

"Méjì wà láàárín. Mẹ́ta wà nísàlẹ̀ wọn, lápá ọ̀tún." Ó fi ìka méjì wọn àyè kékeré kan nínú afẹ́fẹ́. "Kọ́bọ̀ kan ì bá bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni ta bẹ́ẹ̀ lórí pápá yìí rí, Bàbá. Ó dùn mí kí n tó lẹ̀ ẹ́."

"O sì lẹ̀ ẹ́."

"Mo lẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

Ó gbójú sókè wò ó. Hezekiah ti ń retí ìtìjú lójú rẹ̀, tàbí ẹ̀rù. Ìyàlẹ́nu ló rí níbẹ̀, ìyàlẹ́nu ọmọ tí ẹni tó bu oúnjẹ fún un padà wá bi í pé ta ló ní kí ó jẹ ẹ́.

"Kí ni mo fẹ́ sọ, Bàbá? Ṣebí nítorí tèmi lẹ ṣe ṣe é."

Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ wọ abẹ́ páànù, ó gbé etí fọ́ọ̀mù tó wà lórí tábìlì sókè. Mùfúlíátù fi ọta kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Mẹ́rin ni wọ́n ń mú," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rán àgbà létí ohun tí àgbà náà mọ̀ dáadáa. "Èmi ni mo ṣe ìkarùn-ún. Tí Bámiṣayọ̀ kò bá yẹ̀, èmi ni wọ́n ń gbé lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀. Wọ́n ṣì máa ń fi í dá mi lápàárá, wọ́n á ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó bínú sí yín. Wọ́n ní ẹni tó bá ní èèyàn níwájú ló ń dé iwájú, pé bí Nàìjíríà ṣe rí nìyẹn."

"Ta ló sọ fún yín pé..." ni Hezekiah wí. "Bámiṣayọ̀ ńkọ́?"

"Ó mọ̀. Ó wá kí mi kú oríire kó tó lọ. Ó ní kí n má jẹ́ kó máa dùn mí. Ó ní ká ní ọmọ Ìkàrẹ́ ni kóòṣì ni, òun náà ì bá gbà á, òun ì bá sì dúpẹ́."

Hezekiah rántí iṣu. Gbogbo ìparí ọdún ni Mùfúlíátù máa ń gbé iṣu wá sílé rẹ̀, iṣu ńlá ńlá láti oko bàbá rẹ̀, á sì kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀ pé àwọn òbí òun ní kí òun kí wọn o, pé wọn kò lè gbàgbé. Èyí tó gbé wá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ṣì wà ní ilé ìdáná. Ó ti ń yin ọmọ náà fún ìyàwó rẹ̀ pé ó mọ ilé, pé ẹ̀kọ́ ilé ló ní. Ó ti jẹ iṣu náà.

"Mùfúlíátù," ló wí. "Mi ò rí i."

"Kí lẹ ò rí, Bàbá?"

"Ihò mẹ́ta yẹn. Mi ò rí wọn. Ojú mi ọ̀tún ti bàjẹ́, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kò ríran mọ́. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀, mi ò mọ̀, òní yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Mi ò yàn ọ́. Mi ò ronú nípa rẹ rárá lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ó tàsé ni."

Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló fi àkísà sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó bi yín, Bàbá."

"Mo ní mi ò rí i."

"Mo gbọ́." Ó fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra, ó sì fa bírò yọ nínú àpò àyà rẹ̀, nítorí òun ló máa ń bá a kọ nǹkan láti ìgbà tí ojú lílé ti dé. Ó wo ibi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ìdí sí. Ó ronú sí i tọkàntọkàn. "Èwo ni kí n kọ pé a yàn?"

"Má yan ọ̀kankan. Kọ ọ́ pé èyí àtijọ́ dára. Kọ ọ́ pé ojú kóòṣì ni kò dára."

"Ojú," ni Mùfúlíátù tún un sọ, ó tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ó mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ó dáa ju ti ẹ̀rọ tí ẹ ti ń kọ tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹ̀rọ, wọ́n lè ní ká gbé e wá kí àwọn náà wò ó. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ yọ ojú wá. Ọ̀gá á kàn ní kí ẹ lọ rí dókítà ni, wọ́n á jẹ́ kí ẹ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọlá." Ó ti ń kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ ńlá ńlá, ó mọ́. "Mo ti fura láàárọ̀ pé ẹ ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, nígbà tí ẹ ní ìkẹta mi kò kan ìwé lójú ará Wuye yẹn. Mo mọ̀ pé ó kàn án. Mo kàn ní ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe."

Hezekiah yíjú sí pátákó.

"Bí àwọn ará ilé Bámiṣayọ̀ bá sì wá bèèrè lọ́jọ́ kan," ni Mùfúlíátù wí, kò gbójú sókè, "ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn. Mo máa ní ojú ti ń yọ yín lẹ́nu tipẹ́. Ẹ má bẹ̀rù mi, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ gbé mi síbi tí mo wà. Bí kì í bá ṣe yín, èmi ni wọn ì bá gbé lọ síbẹ̀ yẹn."

Ó yí fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti bírò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì fi ìka hàn án ibi tí yóò fọwọ́ sí, jẹ́jẹ́, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí a ti gbà láti bá a bo àṣírí. Hezekiah wò ó lójú. Ó ń wá ibi tí iyèméjì tó kéré jù lọ wà nínú ojú náà kí àlàyé rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kò sì rí i. Ọpẹ́ ló wà níbẹ̀, àti àánú díẹ̀. Ó wá yé e pé bí òun bá rin ìrìn náà dé Ìkàrẹ́, kí òun sì kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, ohun kan náà ni wọn yóò fi dá òun lóhùn. Ohun tí kò ṣe, wọ́n ti fi jì í tipẹ́, àti òkú àti alààyè. Èyí tó ṣe gan-an, kò sẹ́ni tó gbà pé ó ṣẹlẹ̀.

Ní ẹnu géètì, Adéníjì ti kírun tán, ó ń bọ̀, ó ń wọ bàtà rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Hezekiah fọwọ́ sí i níbi tí ìka ọmọ náà wà.